Ẹmu Ọ̀mùtí fún Àsè Wa

Bí ìgbéyàwó ti ń bọ̀ lọ́nà ní ilé púpọ̀, àwọn ọmọ wa ní kí a bá àwọn wá ọtí àpòpọ̀ tó ní orúkọ àti ìtàn, tí a mú láti inú ìwé. Èyí kò le. Ìwé tó bá ọ̀rọ̀ náà mu jù lọ ni èyí tí Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, pè ní The Palm-Wine Drinkard, tí wọ́n tẹ̀ ní London ní 1952.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ìtàn rẹ̀ kí a tó gbé ife. Ọkùnrin kan wà tí kò níṣẹ́ mìíràn ju ẹmu mímu lọ. Bàbá rẹ̀ fún un ní oko tó ní igi ọ̀pẹ 560,000, ó sì gba adẹ́mu kan fún un. Agbè 150 ni adẹ́mu yìí ń dá fún un láàárọ̀, a tún fi 75 lé e. (Ẹ má bi wá bí ikùn rẹ̀ ti tóbi tó!) Ní ọjọ́ kan adẹ́mu já bọ́ láti orí ọ̀pẹ, ó kú. Ọkùnrin náà wá adẹ́mu mìíràn títí, kò sí ẹni tí ẹmu rẹ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn. Àwọn ọ̀rẹ́ tí ń kún ilé rẹ̀ kò sì yọjú mọ́. Ni ó bá gbéra, ó wá adẹ́mu rẹ̀ lọ sí ìlú àwọn òkú.

Ṣé ẹ rí i pé ọwọ́ adẹ́mu ni adùn wà, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tí ń po ọtí? Ẹni tó bá da ṣúgà àti aró bo ẹmu mọ́lẹ̀, tó wá fi orúkọ ìwé yìí pè é, ẹ̀tàn ló ṣe.

Ẹmu tí wọ́n dá ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ wá. Láti ìgbà tó bá ti ń kán sínú agbè ni ìwúkàrà ti ń sọ adùn rẹ̀ di ọtí: láàárọ̀ yóò dùn, nírọ̀lẹ́ yóò le, bó bá sùn, ó ń di ọtí kíkan nìyẹn. Bí ẹ bá ń ti Kàbà gbé e bọ̀, ẹ fi yìnyín yí kẹ́ẹ̀gì náà ká, ẹ má sì dé e pinpin, kó má bàa bẹ́ nínú mọ́tò. Ẹ rẹ ìṣápá pupa, tí wọ́n ń pè ní sóbò níhìn-ín, sínú omi gbígbóná. Ẹ sẹ́ ẹ, kó tutù pátápátá. Ife ẹmu mẹ́ta sí ife omi ìṣápá kan, atalẹ̀ gígún díẹ̀, àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ ẹyọ kan. Ó tán.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ògógóró mú un le. Ní 2015, ògógóró tí mẹ́tánọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀ pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìpínlẹ̀ Rivers. Fún àwọn ọmọdé àti àwọn ará wa Mùsùlùmí, omi ìṣápá òun atalẹ̀ láìsí ẹmu ni kí ẹ gbé fún wọn, nínú igbá kan náà.

Kí ẹ tó bù ú, kí àgbà kan sọ ìtàn náà ní Yorùbá. Àwọn ọmọ wa ibí, bí wọ́n bá tilẹ̀ mọ ìwé náà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Òjíṣẹ́ ọ́fíìsì ni Tutùọlá nígbà tí ìwé náà jáde. Dylan Thomas, akéwì ará Wales, yìn ín nínú ìwé ìròyìn. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan nílé ni ojú ń tì nítorí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1963, Kọ́lá Ògúnmọ́lá fi Yorùbá ṣe é ní eré ní Yunifásítì Ìbàdàn, tẹrú tọmọ sì gbọ́ ọ yé.

Ẹ kọ orúkọ adẹ́mu yín gàdàgbà sára páálí tí ẹ ó gbé síwájú agbè, kí ẹ sì san owó rẹ̀ pé kí mọ́tò tó gbéra.