Kí jẹjẹrẹ tó dàgbà

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ lọ́dọọdún, ìlú Savalou a máa ṣe ọdún iṣu tuntun. Lẹ́yìn ọdún, a ó kó iṣu sí abà. Àgbẹ̀ tó gbọ́n kì í dúró kí òórùn tó jáde kí ó tó yẹ iṣu rẹ̀ wò. Bí ó bá rí ojú kékeré tó ń jẹrà, yóò gé e kúrò, ìyókù yóò sì yè. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ àrùn jẹjẹrẹ rí.

Ní New York, ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ ní ilé ìwòsàn Memorial Sloan Kettering ń ṣe ìwádìí pẹ̀lú ọ̀pá tín-ín-rín kan tí ojú kò lè rí. Bí a bá tan iná sí i, òun náà a tan ìmọ́lẹ̀. Bí ó bá kan èròjà tí jẹjẹrẹ ilé-ẹyin obìnrin ń tú jáde, ìmọ́lẹ̀ náà a yí padà. Ní ọdún 2018, wọ́n ròyìn pé ó ṣiṣẹ́ nínú ara èkúté. Ṣùgbọ́n èkúté kì í ṣe ènìyàn. Ọ̀nà ṣì jìn.

Ǹjẹ́ ó yẹ kí obìnrin Savalou àti Bantè máa dúró dè é? Rárá. Fún jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ, ọ̀nà kan wà tí kò wọ́n. Kòkòrò tí a ń pè ní HPV, tí a ń kó nípa ìbálòpọ̀, ló ń fa fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀. Ó sábà máa ń gbà tó ọdún 15 sí 20 kí ó tó di jẹjẹrẹ. Agbẹ̀bí tó kọ́ iṣẹ́ náà a fi fínígà tí a là pa ẹnu ilé-ọmọ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ibi tó ń bàjẹ́ a di funfun. Funfun yìí kì í ṣe ìdájọ́ ikú: bí kò bá tíì di jẹjẹrẹ, a lè fi irin gbígbóná kékeré jó o kúrò, láìlo ọ̀bẹ.

Kí ló wá ń pa àwọn obìnrin? Ní ọdún 2022, nǹkan bí 350,000 ni àrùn yìí pa lágbàáyé, èyí tó pọ̀ jù lọ ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó. Ìdí ni pé kì í dunni níbẹ̀rẹ̀. Ta ni yóò fi oko tàbí ọjà sílẹ̀ nítorí ohun tí kò dùn ún? Owó ọkọ̀ wà níbẹ̀, ìtìjú wà níbẹ̀, ìyọ̀ǹda ọkọ náà wà níbẹ̀. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dà, ìtọ́jú ti le, owó rẹ̀ sì ti ga. Àyẹ̀wò tí kò ní ìtọ́jú lẹ́yìn kò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé pinnu pé, kí ó tó di 2030, kí 90 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọbìnrin ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV kí wọ́n tó pé ọdún 15. Kí a ti yẹ 70 nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin wò. Kí 90 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí a bá rí àrùn lára wọn sì gba ìtọ́jú. Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ náà ní oṣù kẹwàá ọdún 2023.

Kí obìnrin tó ti pé ọgbọ̀n ọdún béèrè àyẹ̀wò lọ́wọ́ agbẹ̀bí. Kí ọkọ rẹ̀ fún un ní owó ọkọ̀. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.