Owó Ọkọ̀ Kọ́ Ni Owó Ìrìnnà

Ẹni tó bá fẹ́ ti Ìdí-Ìrókò lọ sí Àkrà ní ọ̀nà méjì níwájú rẹ̀. Ó lè kọ́kọ́ padà sí Èkó, kó lọ wọ bọ́ọ̀sì ńlá tó ń lọ tààrà, irú ti ABC, Chisco tàbí GUO, tí wọn yóò gba Sèmè kọjá, kó sì jókòó sójú kan títí wọn yóò fi já a sílẹ̀ ní Àkrà. Ó sì lè fẹsẹ̀ rìn kọjá ẹnubodè sí Ìgólò ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, kó wọ takisí lọ sí Àjàṣẹ́, kó bọ́ sí òmíràn lọ sí Kútọnu, kó máa sọ̀ kó máa gùn bẹ́ẹ̀ dé Hilla-Condji, dé Lomé, dé Aflao, títí yóò fi débẹ̀.

Bí o bá béèrè èwo ló dára jù, owó ọkọ̀ ni àwọn ará ìdíkọ̀ yóò fi dá ọ lóhùn. Wọ́n á ní ti bọ́ọ̀sì wọ́n, ti takisí rọjú. Bẹ́ẹ̀ owó ọkọ̀ kì í tán ọ̀rọ̀. Ohun tí ọlọ́kọ̀ ń tà ju ìjókòó lọ. Wàhálà wà lójú ọ̀nà, ẹnì kan ni yóò sì rù ú: kí ọlọ́kọ̀ bá ọ rù ú, tàbí kó gbé e padà lé ọ lórí. Ibẹ̀ ni èmi ti ń wo iye tó ń gbà.

Ẹ jẹ́ ká bá takisí lọ ná. Ìgólò sí Àjàṣẹ́ kò jìnnà, kò tó 40 kìlómítà. Kútọnu sí Lomé tó nǹkan bí 150. Aflao sí Àkrà súnmọ́ 200. Kò sí èyí tó burú nínú wọn tí ènìyàn bá dá a wò lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ibi tí a bá ti ń sọ̀ ni owó ti ń jò. Takisí ọ̀hún kì í gbéra àfi tó bá kún, kíkún ibẹ̀ sì ju tiwa lọ: ẹni méjì á fún mọ́ ara wọn níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ẹni mẹ́rin á wà lẹ́yìn. Ẹni tí kò bá lè fara da ìfúnpọ̀ yóò san owó ẹni méjì. Ẹrù ní owó tirẹ̀, ìgbà tí o bá sì ti gbé ẹsẹ̀ kan wọlé ni awakọ̀ yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá iye lé e. Bí o bá dé Kútọnu, zemidjan, ìyẹn ọ̀kadà wọn, ni yóò gbé ọ láti ìdíkọ̀ kan dé èkejì. Yorùbá ṣì lè gbà ọ́ ní Àjàṣẹ́. Ní Kútọnu, bí o kò bá gbọ́ Fọ̀n tàbí Faransé, iye tó bá wu ọlọ́kadà ni wàá san, wàá sì tún dúpẹ́.

Owó ṣíṣẹ́ wá ńkọ́? Náírà la fi ń kúrò nílé, sefà là ń ná ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, sídì ló ń dúró dè wá ní Ghana. Ní ẹnubodè, ẹni tó ń ṣẹ́ owó jókòó sídìí tábìlì pákó, ó fi rọ́bà di sefà ní ìdì-ìdì. O sọ iye tó wà lọ́wọ́ rẹ, ó tẹ kalikulétọ̀, ó yí ojú rẹ̀ sí ọ. Kò la ẹnu. Iye tó fi ń rà àti iye tó fi ń tà kò dọ́gba, àárín méjèèjì ni oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ wà, n ò sì bá a jà. Àmọ́ ẹni tó ń wọ takisí yóò bá irú rẹ̀ pàdé ní ibodè kan dé òmíràn, nígbà tó bá sì ń bọ̀, yóò tún ṣẹ́ èyí tó ṣẹ́kù padà. Gbogbo ìgbà tó bá ṣẹ́ ẹ ni wọ́n ń bù díẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó wọ bọ́ọ̀sì ti ka náírà sílẹ̀ ní Èkó, ó di oúnjẹ ojú ọ̀nà nìkan.

Ìyàtọ̀ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ dun ènìyàn tẹ́lẹ̀. Láti 1999 ni wọ́n ti so sefà mọ́ yúrò, 655.957 sí ẹyọ kan, kò sún síwájú kò sún sẹ́yìn. Náírà tiwa ni ìjọba tú okùn rẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023. Ṣáájú ìgbà náà, 1,000 sefà kò tó 1,500 náírà. Nígbà tí 2024 fi ń parí, ó ti súnmọ́ 2,500. Takisí tó rọjú lójú ará Ìgólò kò rọjú mọ́ lójú ará Ìdí-Ìrókò, bẹ́ẹ̀ awakọ̀ kò fi kọ́bọ̀ kan lé owó. Epo náà tún wà níbẹ̀. Epo Nàìjíríà tí wọ́n ń dà sínú ìgò lẹ́bàá títì, tí àwọn ará ọ̀hún ń pè ní kpayo, lọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọn ń mu. Láti ọjọ́ tí ìjọba ti kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ, 29 oṣù karùn-ún 2023, ni kpayo náà ti gbówó lórí. A yọ owó ìrànwọ́ ní Àbújá, wọ́n fi kún owó ọkọ̀ ní Pobẹ́.

Ẹnubodè mẹ́ta ló wà láàárín wa àti Àkrà. Àdéhùn tí ECOWAS fọwọ́ sí ní Dakar ní 1979 sọ pé ọmọ orílẹ̀-èdè ẹgbẹ́ lè wọ ilẹ̀ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ láìgba físà, kó sì gbé ibẹ̀ fún 90 ọjọ́. Ẹni tó bá ti rin ọ̀nà yẹn rí yóò rẹ́rìn-ín músẹ́. Níbi kan, wọ́n á béèrè yẹ́lò káàdì, níbi kejì wọ́n á ní fọ́tò inú ìwé kò jọ ọ́. Bọ́ọ̀sì ńlá ní ẹni tó mọ ẹni níbẹ̀. Ọmọ ọkọ̀ ni yóò kó ìwé gbogbo èrò jọ, tí yóò lọ bá wọn sọ ọ́, ohunkóhun tó bá sì ná an wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì rẹ kí o tó kúrò ní Èkó. Ìwọ tó wọ takisí, ìwọ nìkan ni wàá dúró níwájú tábìlì pẹ̀lú báàgì rẹ. Iye tí wọ́n bá ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó dá dúró kì í ṣe iye tí wọ́n ń gbà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àádọ́ta èrò. Mẹ̀kúnnù ló ń ra wàhálà ní ẹyọ-ẹyọ, ẹyọ-ẹyọ sì máa ń wọ́n ju odidi lọ.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní London àti Houston ń ṣe irú ìṣirò yìí, orí omi ni tiwọn. Ayẹyẹ ọgọ́ta ọdún tí à bá fi gba gbọ̀ngàn, àwọn kan ti ń fi wọ ọkọ̀ ojú omi afẹ́ báyìí. Wọ́n á máa fi Royal Caribbean wé Carnival, wọ́n á fi Carnival wé MSC. Ọkọ̀ Icon of the Seas tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti Miami ní oṣù kìíní 2024 lè gba èrò tó lé ní 7,000. Ìlú ńlá ni! Tíkẹ́ẹ̀tì á ní bẹ́ẹ̀dì àti oúnjẹ nínú, ojú á wọlé. Ìgbà tí wọ́n bá ti wọkọ̀ tán ni wọ́n á rí i pé owó ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ń wọlé lójoojúmọ́ lórí olúkúlùkù, pé íntánẹ́ẹ̀tì ní owó tirẹ̀, ọtí ní tirẹ̀, ìrìn-àjò sí etíkun erékùṣù tí ọkọ̀ yà sí ní tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó dá owó tó kéré jù lé tíkẹ́ẹ̀tì lè jẹ́ òun ni yóò gba owó tó pọ̀ jù kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá sì ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ní láti yẹ orúkọ àwọn èbúté wò lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí físà ọ̀kan kì í ṣe ti èkejì.

Ọ̀rọ̀ àsíá tún wà níbẹ̀ tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Òfin Amẹ́ríkà kan wà láti 1886 tí kò gba ọkọ̀ tó ń lo àsíá ilẹ̀ òkèèrè láyè láti máa gbé èrò láti èbúté Amẹ́ríkà kan sí òmíràn láìyà sí òkèèrè. Bahamas tàbí Panama ni wọ́n sì ti forúkọ ọ̀pọ̀ nínú ọkọ̀ afẹ́ sílẹ̀. Ọkọ̀ tó bá gbé èrò láti Los Angeles lọ yí àwọn erékùṣù Hawaii ká tó sì padà, ó ní láti lọ fẹsẹ̀ kan Ensenada ní Mexico, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun tó sọnù síbẹ̀. Pride of America, tó ń lo àsíá Amẹ́ríkà, ló lè máa yí Hawaii ká lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láìyà síbì kankan. Ará Ìdí-Ìrókò kò nílò àlàyé. Nọ́ńbà ọkọ̀ tiwa ń já èrò sílẹ̀ níbí, nọ́ńbà ọkọ̀ tiwọn ń gbé wọn lọ́hùn-ún, ará wa sì ń san owó lẹ́ẹ̀mejì lórí ilẹ̀ tí àwọn Ànàgó ń gbé ní ọwọ́ méjèèjì.

Àwọn baba wa tó kàwé ní ìlú òyìnbó kò rí irú yíyàn bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ Elder Dempster ni: Accra, Apapa, àti Aureol tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni láti Èkó dé Liverpool, wọn yóò yà ní Freetown, wọn yóò yà ní Las Palmas. Kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Láti 1895 ni Elder Dempster àti Woermann ti Jámánì ti mulẹ̀ pọ̀ lórí ẹrù Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Oníṣòwò tó bá fi ọkọ̀ wọn kó ẹrù yóò fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lé owó ọkọ̀, wọn yóò sì dì í mú fún oṣù mélòó kan. Bí kò bá fi ọkọ̀ ẹlòmíràn kó ẹrù láàárín ìgbà náà, wọn yóò dá a padà fún un. Bó bá dán an wò pẹ́nrẹ́n, ó ti wọgbó. Owó rẹ̀ ni wọ́n fi so ó lẹ́sẹ̀. Nàìjíríà dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1959, Elder Dempster fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó ní ìpín nínú rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi di 1995, wọ́n ti tú u ká. Aureol ti kúrò lójú omi wa láti 1974, ọkọ̀ òfuurufú ti kó èrò rẹ̀ lọ.

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ yìí lè mú kó dà bíi pé bọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ kí gbogbo wa wọ̀. Fún ẹni tó ń lọ síbi ìgbéyàwó, tàbí ọmọ tó ń lọ sí yunifásítì ní Àkrà, bẹ́ẹ̀ ni. Ó yàtọ̀ fún oníṣòwò. Ìyá kan wà ní Ìdí-Ìrókò tó ń kó abọ́ oníke lọ tà ní Àjàṣẹ́, ó ní àwọn oníbàárà tó ń gbà á láwìn níbẹ̀, ó tún ní ní Kútọnu àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lomé. Mo bá a ṣírò rẹ̀ sórí ìwé, owó takisí, owó ẹrù, owó tí wọ́n ń bù lórí ṣíṣẹ́. Mo ní, "Mà, bí ẹ bá ń wọ bọ́ọ̀sì tààrà lọ sí Lomé, owó yín ì bá ṣẹ́kù." Ó wo ìwé mi, ó wo ojú mi.

"Ọkọ mi, bọ́ọ̀sì yẹn á gbé mi kọjá owó mi ni."

Mo ká ìwé mi. Bọ́ọ̀sì ńlá kì í dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ẹni tó jẹ ọ́ ní gbèsè. Sísọ̀ àti gígùn tí mo pè ní ibi tí owó ti ń jò, ibẹ̀ ni tirẹ̀ ti ń wọlé. Awakọ̀ kan náà ló sì ń gbé e láti Ìgólò láti ọdún pípẹ́. Ó ń gbé e láwìn bí ọjà kò bá tà, ó ń fi ìjókòó iwájú sílẹ̀ dè é. Nígbà tí mo bi ìyá náà pé ṣé kò rí awakọ̀ tí owó rẹ̀ kéré ju tirẹ̀ lọ rí, ó ní òun rí wọn, òun kàn mọ̀ pé wọn kò ní dúró de òun lọ́jọ́ òjò ni.

Ní 20 oṣù kẹjọ 2019, ìjọba àpapọ̀ ti ẹnubodè pa. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, Kọ́sítọ́ọ̀mù tún ní wọn kò gbọdọ̀ gbé epo lọ sí ilé epo kankan tó wà láàárín 20 kìlómítà sí ibodè. Ìdí-Ìrókò, tó jẹ́ pé ibodè ni ìlú náà gan-an, di ibi tí ọlọ́kadà ti ń fi ọ̀nà jíjìn wá epo. Nígbà tí wọ́n ṣí mẹ́rin nínú àwọn ibodè ní 16 oṣù kejìlá 2020, Sèmè wà lára wọn, Ìdí-Ìrókò kò sí níbẹ̀. Ẹni tó lówó bọ́ọ̀sì rí ọ̀nà lọ. Àwọn tó ń fẹsẹ̀ kọjá sí Ìgólò dúró títí di 22 oṣù kẹrin 2022.

Mo bi ìyá náà bó ṣe rí owó rẹ̀ gbà láàárín ọdún méjì àti oṣù mẹ́jọ yẹn. Ó ní awakọ̀ òun ni. Òun ló ń lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù ní Àjàṣẹ́, tó ń gba gbèsè jọ, tó ń fi sefà náà rán ẹni tó bá ń bọ̀. Mo béèrè iye tó ń yọ fún ara rẹ̀ níbẹ̀. Ó ní òun kò bi í rí.