Ta Ló Yẹ Kó San Owó Mọ́tò Wa Dé Aláùsá?



Ìbéèrè tó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa nínú Press Club nìyí: ṣé ó tọ́ kí káńsù fi owó ìlú kó àwọn ará àdúgbò jọ, kí wọ́n lọ bá àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ní Aláùsá, kí wọ́n sọ pé òfin báyìí la fẹ́, òfin báyìí la ò fẹ́? Àwọn kan ní ìnákúnàá ni, wọ́n ní kí wọ́n fi owó yẹn kó gọ́tà. Àwọn kan ní bí káńsù ò bá gbẹnu sọ fún wa, ta ni yóò sọ̀rọ̀? Èmi wà lẹ́yìn àwọn tó ní kí káńsù náwó, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kó ná an lé lórí yàtọ̀ sí tiwọn. Mo fẹ́ kó sanwó mọ́tò wa. Mi ò fẹ́ kó sanwó ẹnu wa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó da káńsù pọ̀ mọ́ Aláùsá rárá. Wọ́n kọ́ wa ní JSS pé ìjọba mẹ́ta ló wà: ti àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀, ti ìbílẹ̀. A wá rò pé ọ̀kọ̀ọ̀kan dá dúró láyè tirẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Abala 7 nínú òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 sọ pé ìjọba ìbílẹ̀ tí aráàlú dìbò yàn gbọ́dọ̀ wà, àmọ́ ìpínlẹ̀ ló fún láṣẹ láti ṣe òfin tó máa gbé e ró: bí wọ́n ṣe máa dá a sílẹ̀, bó ṣe máa rí, bó ṣe máa náwó, iṣẹ́ tó máa ṣe. Abala 162 náà tún sọ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ tó bá wọ àpò àjùmọ̀ní ìpínlẹ̀, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ló máa ṣe òfin bí wọ́n ṣe máa pín in. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní kí wọ́n fi owó kó gọ́tà, owó gọ́tà náà, ọ̀nà Aláùsá ló ń gbà kọjá. Aṣòfin 40 ló wà níbẹ̀. Méjì péré nínú wọn ló ti Ajeromi-Ifelodun wá.

Àwa ará Olodi-Apapa gan-an ló yẹ kó mọ èyí ju ẹlòmíràn lọ. Ṣebí ẹ mọ̀ pé ìjọba ìbílẹ̀ Ajeromi-Ifelodun wà, Ifelodun LCDA náà sì tún wà nítòsí? Lọ́dún 2002 ni ilé aṣòfin Èkó ṣe òfin tó bí irú Ifelodun yẹn, nígbà tí Bola Tinubu jẹ́ gómìnà. Káńsù 37 tuntun ni wọ́n fi kún 20 tó wà nílẹ̀. Lọ́dún 2004, Ààrẹ Ọbásanjọ́ di owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkó mú nítorí rẹ̀. Ẹjọ́ dé kọ́ọ̀tù tó ga jù lọ. Ní December ọdún náà, kọ́ọ̀tù ní Ààrẹ ò láṣẹ láti di owó mú, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn káńsù tuntun yẹn ò tíì pé, àyàfi tí àwọn aṣòfin Àbújá bá fi orúkọ wọn sínú òfin. Títí di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, 20 yẹn náà ni Àbújá mọ̀. Owó tó ń wá lórúkọ 20 ni 57 ń pín. Ẹ wo bí òfin kan ṣoṣo ṣe di ọ̀rọ̀ owó fún gbogbo àdúgbò fún ohun tó lé ní ogún ọdún, tí púpọ̀ nínú wa ò tiẹ̀ tíì dáyé nígbà tó bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ 11 oṣù July ọdún 2024, kọ́ọ̀tù tó ga jù lọ tún dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà, kí gómìnà má fọwọ́ kàn án. Inú ọ̀pọ̀ èèyàn dùn. Àmọ́ kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, wọ́n ti gbìyànjú láti fi àtúnṣe òfin ilẹ̀ wa ṣe é. Àtúnṣe bẹ́ẹ̀, ó di dandan kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 fọwọ́ sí i. Lọ́dún 2022, àwọn aṣòfin Àbújá gbà á wọlé, wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn ìpínlẹ̀, ibẹ̀ ló kú sí. Iye tó yẹ kó fọwọ́ sí i kò pé. Nígbà tí Ààrẹ Buhari wá buwọ́ lu àtúnṣe 16 ní March 2023, òmìnira ìjọba ìbílẹ̀ kò sí nínú wọn.

NULGE, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, wà lára àwọn tó pariwo jù lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Mo fẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí NULGE, nítorí ibẹ̀ ni koko ọ̀rọ̀ mi wà. Owó tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fi ń pariwo, owó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dá ni. Òṣìṣẹ́ tó dá owó náà mọ̀ pé torí ariwo ọjọ́ bẹ́ẹ̀ lòun ṣe dá a. Owó káńsù kò rí bẹ́ẹ̀. Màmá tó ń ta ata ní Boundary, tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì láràárọ̀, owó rẹ̀ wà níbẹ̀. Ọlọ́kadà, láńlọ́ọ̀dù, ayálégbé, ẹni tó dìbò fún alága àtẹni tó dìbò takò ó, owó gbogbo wọn ló wà nínú àpò kan náà. Tí káńsù bá wá fi owó yẹn tẹ páálí pé "Gbogbo ará Olodi ló fẹ́ òfin yìí", ta ló bi màmá aláta léèrè?

Kì í ṣe àwa nìkan là ń jà lórí èyí o. Ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, àwọn ìlú ńlá máa ń fi owó ìlú gba àwọn èèyàn tí iṣẹ́ wọn ni pé kí wọ́n máa bá aṣòfin ìpínlẹ̀ sọ̀rọ̀. Lọ́dún 2019, àwọn kan gbé àbádòfin wá láti fòpin sí i. Àwọn sẹ́nétọ̀ ìpínlẹ̀ gbà á wọlé, ilé aṣòfin kejì dà á nù. Àwọn tó fẹ́ fòpin sí i ní kò tọ́ kí wọ́n gba owó orí lọ́wọ́ èèyàn, kí wọ́n tún fi owó náà bá a jà. Àwọn tó takò wọ́n ní tí ìlú ò bá lè sọ̀rọ̀, àwọn ilé iṣẹ́ olówó nìkan ni aṣòfin á máa gbọ́ ohùn wọn. Tí ẹ bá bi mí, apá méjèèjì ló rí òótọ́ mú.

Ẹ̀rù tó ń bà mí jù ni pé alága lè fi ohun tó ń dun òun nìkan pe ohun tó ń dun ìlú. Ẹ wo Rivers lọ́dún 2024. Àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin tó máa jẹ́ kí àwọn alága káńsù lo oṣù mẹ́fà sí i lórí àga. Kọ́ọ̀tù fagi lé e, ìjà sì dé nígbà tí ọjọ́ wọn pé ní June. Mi ò sọ pé wọ́n fi owó káńsù ṣe ohunkóhun níbẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé aṣòfin ìpínlẹ̀ lè gbìyànjú láti ṣe òfin tó máa fi oṣù mẹ́fà kún ìgbà alága. Alága tírú òfin bẹ́ẹ̀ bá ń bọ̀ wá bá, tó tún ní àpò owó fún "ohùn aráàlú" lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rò pé aráàlú máa sọ? Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń kó èrò nílùú yìí: bọ́ọ̀sì, fìlà, t-shirt, ìrẹsì. Ẹlòmíì gbé páálí dání tí kò mọ ohun tí wọ́n kọ sí i.

Kí wá ló dé tí mo ṣì fi ní kí káńsù náwó? Nítorí ọdún 2018 ni. Lọ́dún yẹn, òfin tuntun lórí Land Use Charge jáde ní Èkó, owó tí onílé máa san sì fò sókè gan-an. (Ẹ rántí pé inú Land Use Charge yìí ni wọ́n da owó ilé tí òfin ilẹ̀ wa kọ mọ́ ìjọba ìbílẹ̀ lórúkọ pọ̀ sí láti 2001. Ọ̀rọ̀ káńsù ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ará ìta.) Àwọn lọ́yà Ìkẹjà jáde, wọ́n wọ́de. Àwọn oníléeṣẹ́ náà sọ̀rọ̀, ó kún inú ìwé ìròyìn. Kò pẹ́ tí Gómìnà Ambode fi dín in kù. Kò sẹ́ni tó san owó mọ́tò fún lọ́yà, wọn ò sì nílò kẹ́nikẹ́ni túmọ̀ òfin fún wọn. Ìkẹjà ni wọ́n wà, ẹsẹ̀ lèèyàn lè fi rìn dé Aláùsá láti ibẹ̀.

Àwa ńkọ́? Láti Boundary lọ sí Mile 2, láti Mile 2 lọ sí Òṣòdì, láti Òṣòdì lọ sí Ìkẹjà, ká tó wá wọ Aláùsá. Tí tírélà bá tún dí ọ̀nà Apapa, ìpàdé á ti parí ká tó dé. Ìpàdé ìta gbangba tí ilé aṣòfin máa ń pè kí àbádòfin tó di òfin, ọjọ́ iṣẹ́ ni. Ẹni tó bá lọ, kò tajà lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Èdè Òyìnbó àwọn lọ́yà ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Àwọn tó lè lọ ló ń lọ, ohùn wọn nìkan sì ni aṣòfin ń gbọ́. Ìdí tí mo fi fẹ́ kí owó ìlú dá sí i nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ilé gbígbé dán an wò. Òfin ilé gbígbé Èkó ti 2011 sọ pé láńlọ́ọ̀dù ò gbọ́dọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Owó ìtanràn rẹ̀ jẹ́ 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Ẹ lọ béèrè nílé yín bóyá ẹnì kan ti gbọ́ rí. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé òfin náà yọ Ikoyi, Victoria Island, GRA Ìkẹjà àti Apapa sílẹ̀. Apapa! Mo mọ ẹni tó ń sọ pé a wà lára wọn torí pé orúkọ tiwa náà ní Apapa nínú. Rárá o, Ajeromi-Ifelodun ni wá, òfin náà bò wá. Lọ́dún 2025, àbádòfin tuntun lórí ilé gbígbé tún wọ ilé aṣòfin, ó sì fẹ́ fi gbèdéke sí owó tí ejẹ́ńtì ń gbà.

Tí káńsù bá ní òun fẹ́ kó àwa ayálégbé jọ láti ti irú àbádòfin bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn, inú mi á dùn, torí ayálégbé ni wá nílé wa. Ṣùgbọ́n láńlọ́ọ̀dù wa ńkọ́? Bàbá arúgbó tó jẹ́ pé owó yàrá mẹ́rin ló ń jẹ, owó tirẹ̀ náà wà nínú káńsù. Kò tọ́ kí wọ́n fi owó rẹ̀ yá bọ́ọ̀sì tí wọ́n á fi lọ pariwo mọ́ ọn. Kí bọ́ọ̀sì kan náà gbé òun pẹ̀lú wa. Ká jọ jókòó, ká máa bá ara wa jiyàn láti Mile 2 títí dé Aláùsá, kí olúkúlùkù dìde níbẹ̀, kó sọ tẹnu ẹ̀.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ káńsù kò le. Tí àbádòfin tó kàn wá bá wà nílé aṣòfin, kí wọ́n kọ kókó rẹ̀ sí Yorùbá, Ìgbò, Ìjọ, Hausa àti pijin, torí Ajégúnlẹ̀ ni ibí, gbogbo èdè ló wà níbí. Kí wọ́n kọ ohun tí àwọn tó fẹ́ ẹ ń sọ àti ohun tí àwọn tí kò fẹ́ ẹ ń sọ. Kí CDA àdúgbò kọ̀ọ̀kan pe ìpàdé lé e lórí. Àwọn CDA ti ń ṣèpàdé tẹ́lẹ̀, wọn ò nílò họ́ọ̀lù olówó ńlá. Kí bọ́ọ̀sì wà fún ẹni tó bá kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀, ẹ̀gbẹ́ yòówù kó wà. Kò gbọ́dọ̀ sí fìlà, kò gbọ́dọ̀ sí àwòrán alága lára ohunkóhun. Ní California, kọ́ọ̀tù tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà ti sọ irú ọ̀rọ̀ yìí láti 1976, nínú ẹjọ́ kan tó jẹ mọ́ ìdìbò: owó ìjọba lè ṣàlàyé fún aráàlú, kò gbọ́dọ̀ ṣe ìpolongo fún apá kan.

Ṣé alága ò wá ní lè sọ̀rọ̀ ni? Ó lè sọ̀rọ̀ o. Kó lọ fúnra rẹ̀, kó jókòó síwájú àwọn aṣòfin, kó fi orúkọ káńsù sọ èrò rẹ̀, kó buwọ́ lù ú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni, a ti ń san owó oṣù rẹ̀ fún un. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kó gba ẹnu wa sọ tirẹ̀.

Ẹnì kan nínú Club ní àbá mi á kú ni, pé káńsù kankan ò ní náwó sórí bọ́ọ̀sì tí kò mọ ohun tí àwọn èrò inú rẹ̀ máa sọ. Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ a yan àwọn alága àti káńsẹ́lọ̀ tuntun ní gbogbo Èkó lọ́jọ́ 12 oṣù July ọdún 2025, bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdọọdún ni wọ́n sì ń ṣe. Kí wọ́n fi ìlà kan sí i fún èyí, kí wọ́n lẹ iye rẹ̀ mọ́ géètì káńsù, níbi tí gbogbo èèyàn ti lè kà á bí ẹ ṣe ń ka tèmi yìí.

Ẹni tí kò bá gbà pẹ̀lú mi, àyè wà nísàlẹ̀ páálí yìí. Kó fi bírò kọ tirẹ̀ síbẹ̀, kó ṣáà má ya á.