Férémù Tiwọn, Iṣẹ́ Tiwa

Ọ̀rọ̀ ìkànnì wa tí a ò parí nípàdé ni mo fẹ́ sọ èrò mi lé lórí.

Gbogbo wa la mọ bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ ìkànnì yẹn. Ní GRA Enugu níbí, téèyàn bá jáde ní géètì, Ìgbò àti Gẹ̀ẹ́sì lá máa gbọ́. Yorùbá tá a ní kò ju èyí tá a gbé wá láti ilé lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gba àlọ́ àpamọ̀ àti òwe lẹ́nu àwọn òbí wa nígbà ọlidé, tí a ń kọ ìtumọ̀ wọn, tí a sì ń tẹ̀ wọ́n ní yàrá kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ Sátidé. Ìyá mi àgbà ní Ìṣẹ́yìn ló sọ mọ́kànlá nínú wọn fún mi.

Nígbà ọlidé tó kọjá, mọ́mì mi pè mí. Ẹ̀gbọ́n wọn ló rí àlọ́ wa lórí fóònù, ló bá fi hàn wọ́n. Mọ́mì ní, "Ṣé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù lẹ tún ń ta nínú ẹgbẹ́ Yorùbá ni?" Mo wò ó. Àlọ́ wa ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n orúkọ ìkànnì mìíràn ló wà lókè. Wọ́n ti bo orúkọ ẹgbẹ́ wa, ìpolówó tẹ́tẹ́ sì yí i ká. Kódà "Ìsẹ́yìn" tí mo kọ láìfi àmì sábẹ́ S wà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Nígbà tá a wọlé, mo tún àṣìṣe náà ṣe lórí ìkànnì wa, mo wá ṣí tiwọn. Tiwọn náà ti tún ara rẹ̀ ṣe! Ẹ̀rù bà mí díẹ̀. Olùkọ́ kọ̀ǹpútà wa ló ṣàlàyé pé wọn ò da iṣẹ́ wa kọ rárá, férémù ni wọ́n kàn fi yí i ká. Ìkànnì wa gan-an ni fóònù ẹni tó ń wò ó ń lọ gbé wá, àmọ́ inú férémù tiwọn ló ń gbé e sí. Ó dà bí ẹni tó gbé sáìnbọ́ọ̀dù tirẹ̀ kọ́ sókè fèrèsé rẹ, tó wá ń pe èèyàn wá wo pálọ̀ "òun". Afọ̀mọ́ ò légbò, igi gbogbo ló ń bá tan.

Síníọ̀ wa kan ní ká fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n ní òwe kò lólówó, pé bí èèyàn ṣe ń kà á níbẹ̀, Yorùbá náà ló ń tàn. Òtítọ́ wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó dá òwe ní. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ tá a kọ àti àwòrán tá a fọwọ́ ara wa yà, tiwa ni. Tí wọ́n bá fẹ́ kó tàn, kí wọ́n fi líǹkì júwe ilé wa fún èèyàn. Tẹ́tẹ́ yẹn wá ńkọ́? Ọmọ JSS1 wà lára àwọn tó ń ka àlọ́ wa o.

Kì í ṣe àwa nirú ẹ̀ kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ sí. Ní oṣù Kejì ọdún 1997, ní Amẹ́ríkà, Washington Post, CNN àtàwọn iléeṣẹ́ ìròyìn mìíràn pe TotalNews lẹ́jọ́, torí ó ń gbé ìròyìn wọn sínú férémù tirẹ̀, pẹ̀lú ìpolówó tirẹ̀. Wọ́n parí rẹ̀ ní ìtùbí-ìnùbí ní oṣù Kẹfà: TotalNews yọ férémù, wọ́n sì gbà kó máa lo líǹkì lásán.

Ohun tí mo rò pé ó yẹ ká ṣe nìyí. Ká ya àwòrán ojú ìwé wọn, ká kọ ọjọ́ sí i, kí wọ́n má baà sọ pé àwọn ò ṣe é. Ká kọ lẹ́tà pẹ̀lẹ́ sí wọn. Kí olùkọ́ wa fi àṣẹ tí wọ́n ń pè ní X-Frame-Options sórí ìkànnì wa. Ó ń sọ fún ẹ̀rọ tí èèyàn fi ń wo ìkànnì pé kó má gbé tiwa sínú férémù ẹlòmíràn. Tí wọ́n bá wá da iṣẹ́ wa kọ gan-an, òfin wà. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti ọdún 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta ọdún 2023, fún ẹni tó ni iṣẹ́ láyè láti kọ̀wé sí iléeṣẹ́ tó gba ìkànnì náà sílé pé kí wọ́n yọ ọ́.

Ṣùgbọ́n bá a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Àwòrán Òkè Olúmọ tó wà lórí ìkànnì wa, èmi ni mo mú un láti orí ìkànnì ẹlòmíràn. Mi ò tọrọ, mi ò sì kọ orúkọ ẹni tó yà á. Bí àwọn onítẹ́tẹ́ yẹn bá dá wa lóhùn pé, "Ẹ̀yin náà ńkọ́?", kí la fẹ́ sọ? Mo ti bẹ olùkọ́ wa pé ká yọ ọ́ ní Sátidé yìí, kí lẹ́tà náà tó lọ. Ta ló tún mú nǹkan báyẹn lára wa? Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ nípàdé Friday.