Ṣómólú àti Bàrígà: Ọkọ̀ dúró, ẹ́ńjìnnì ò dúró

Ẹ wo títì láti Onípanu wọ Ṣómólú, títí dé Bàrígà, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́. Dánfó kan dúró, ó ń pe èrò. Ọkọ̀ akẹ́rù ń retí ẹrù níwájú ilé ìtẹ̀wé. Ẹnìkan gbé gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀ sókè, ó tan éésì, ó ń tẹ fóònù. Kò sí èyí tó pa ẹ́ńjìnnì nínú wọn.

Àṣà yìí ti mọ́ wa lára débi pé a kì í kà á sí ìpalára. Bẹ́ẹ̀, ilé àti títì ò jìnnà síra ládùúgbò wa. Ọ̀pọ̀ yàrá ni fèrèsé rẹ̀ kọjú sí sàlẹ́ńsà ọkọ̀, tí ọmọ ìkókó sì ń sùn níbẹ̀. Gáàsì carbon monoxide tó wà nínú èéfín ọkọ̀, tí kò lóòórùn, tí kò ṣeé fojú rí, òun náà ló wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ tó máa ń pa odindi ìdílé mọ́ ojú oorun. Ní gbangba, afẹ́fẹ́ máa ń gbé e lọ. Àmọ́ èérí èéfín tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, ẹ̀dọ̀fóró ló ń wọ̀. Ní ọdún 2012, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ ka èéfín dísẹ́lì mọ́ ohun tó ń fa àrùn náà.

Ìṣirò Báńkì Àgbáyé ni pé afẹ́fẹ́ tó dọ̀tí pa nǹkan bí 11,200 èèyàn láìtọ́jọ́ l'Ékòó ní 2018. Èyí tó ju ìdajì lọ nínú wọn ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Kì í ṣe ọkọ̀ nìkan ló fà á. Ilé iṣẹ́ àti jẹnẹrétọ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo rẹ̀, èéfín ọkọ̀ tí kò lọ síbì kankan ni kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní.

A rò pé ọ̀wọ́n epo ni yóò pa àṣà yìí. Ní May 2023 tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà tí kò tó 200 náírà kọjá 500 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ọkọ̀ kékeré tó dúró lè jó ìdajì lítà sí lítà kan ní wákàtí kan, ká tó wá ka ti éésì. Síbẹ̀, wọn ò pa á.

Onídánfó ní tirẹ̀ láti sọ. Bátìrì rẹ̀ ti rẹ̀. Tó bá pa ọkọ̀, èrò ni yóò tì í. Ibi tó dúró sí gan-an kì í ṣe gáréèjì, ó sì ní láti lè sá bí LASTMA bá yọ. Ẹni tó ní éésì kò ní irú àwíjàre yìí. Àwọn kan ní títan ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kejì ló ń jẹ epo. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ nìyẹn; fún ọkọ̀ òde òní, tí ìdúró bá ti ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ, pípa á ló dín owó kù.

Láti 2002 ni òfin ti fún ìjọba ìbílẹ̀ ní Ẹ́ńgílańdì láṣẹ láti gba ìtanràn 20 pọ́n-ùn lórí èyí. New York ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, ìṣẹ́jú kan péré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé. Bí wọ́n bá gbé ìtanràn wá sí Bàrígà lónìí, ọwọ́ mìíràn nínú àpò onídánfó ni yóò dà. Kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ́kọ́ wá ibi tí wọn yóò ti máa kó èrò fún wọn.

Ẹnu géètì ilé ìwé àti iwájú mọ́sálásí ni a lè ti bẹ̀rẹ̀ láìdúró de ìjọba. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ̀bá títì ni àwọn tó pẹ́ dé ń tẹ́ ẹní sí. Bí wọ́n bá forí kanlẹ̀, imú wọn àti sàlẹ́ńsà a bára dọ́gba. Àwọn tó ń to ọkọ̀ níbẹ̀ ti máa ń pariwo pé "ẹ sún sẹ́yìn." Wọ́n lè fi "ẹ pa ẹ́ńjìnnì" kún un láti Jímọ̀ tó ń bọ̀.