Ajá tó ń di ìtọ̀ mọ́ra
Nígbà tí ìjọba Kwara kéde kónílé-ó-gbélé nítorí Kòrónà lóṣù kẹrin, ọdún 2020, ta ló jẹ́ mú ajá jáde ní Gàmbàrí, n'Ílọrin? Ajá àgbà tó ti mọ̀ pé ìta ni wọ́n ń tọ̀ sí, ṣe ló máa dì í mọ́ra, ìyẹn sì lè dá àìsàn sí i lára. Ẹ má lù ú o! Ẹ̀yìn àga ló máa lọ tọ̀ sí. Yẹ̀pẹ̀ ibi tó ti tọ̀ tẹ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ bù sínú páànù, kẹ́ ẹ máa fi okùn fà á lọ síbẹ̀ láàárọ̀ kùtù àti lẹ́yìn oúnjẹ. Tó bá tọ̀ báyìí, ẹran ni! Ṣùgbọ́n kí páànù jìnnà sí ẹní ìkírun o, àbí ẹ ò mọ agboolé Gàmbàrí ni? Tí ìtọ̀ ajá bá ta sí alálùwàlá lára, ìjà ọjọ́ náà kì í ṣe kékeré.