Máàkì Méjìlá Kò Tó Fi Díwọ̀n Ọkàn Aládùúgbò

 

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, ó lè ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ ìdíje orin ni a fẹ́ sọ. A kò fẹ́ dá sí àríyànjiyàn àwọn onímọ̀ lórí orin àti ìlù. Ẹni tí kò bá wo ìdíje náà kò pàdánù ohunkóhun. Ohun tí ó kàn wá ni ohun tí ó ń tẹ̀ lé èsì rẹ̀: ọ̀rọ̀ tí ó ń jáde lẹ́nu àwọn tí wọ́n wò ó àti àwọn tí wọn kò wò ó, àti ìdájọ́ tí àwọn ènìyàn ń tibẹ̀ ṣe lórí àwọn tí a jọ ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí.

Ní alẹ́ ọjọ́ 17, oṣù Karùn-ún, ọdún 2025, ní ìlú Basel ní Switzerland, JJ, akọrin ilẹ̀ Austria, gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje Eurovision pẹ̀lú máàkì 436. Ísírẹ́lì ṣe ipò kejì pẹ̀lú máàkì 357. Ṣùgbọ́n bí a bá ya ìbò àwọn òǹwòran sọ́tọ̀, Ísírẹ́lì ni ó ṣáájú gbogbo wọn: 297 nínú máàkì rẹ̀ ni ó ti ọ̀dọ̀ àwọn òǹwòran wá, 60 péré ni àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́ fún un. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí òǹwòran wọn fún un ní máàkì 12, èyí tí kò sí òmíràn tí ó ga jù ú lọ.

Ìròyìn yìí dun ọ̀pọ̀ nínú wa wọra. Àkókò náà ni àwọn ọmọdé ń kú ní Gásà, tí a kì í sì í kí ìrun Jímọ́ọ̀ kan tán láìṣe àdúà fún wọn. Ọ̀rọ̀ tí ó gba ẹnu àwọn ènìyàn wa kan sì pín sí méjì. Àwọn kan ní ojóoró ni, wọ́n ní ṣe ni wọ́n ra ìbò. Àwọn kejì ní kò sí ojóoró kankan, pé àwọn aládùúgbò wa ni ó fi ọkàn wọn hàn: ẹni tí ó ń bá wa rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà ni ó wọlé lọ tẹ fóònù lóru. Ọ̀rọ̀ kejì yìí ni ó wúwo jù lójú tiwa, nítorí pé àwọn ọmọ wa ń gbọ́ ọ, wọn yóò sì gbé e lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ Àtìní láti fi wo ojú àwọn ọ̀rẹ́ wọn. Èrò tiwa ni pé èsì yìí kò lè jẹ́rìí sí èkíní tàbí èkejì nínú ìdájọ́ wọ̀nyí, àti pé Mùsùlùmí kò gbọdọ̀ jẹ́rìí sí ohun tí kò rí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe ń ka ìbò náà, nítorí pé ẹni tí kò mọ òṣùwọ̀n kò lè mọ ohun tí wọ́n fi wọ̀n. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ń pín máàkì lọ́nà méjì: ìgbìmọ̀ adájọ́ rẹ̀ yóò pín in fún orin mẹ́wàá, àwọn òǹwòran rẹ̀ náà yóò pín in fún mẹ́wàá. Orin tí ó ṣe ipò kìn-ín-ní gba 12, ipò kejì gba 10, ipò kẹta gba 8, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa wálẹ̀ títí dé ipò kẹwàá tí ó gba 1. Ẹni tí ó bá ṣáájú ni ó ni 12, ì báà ṣe ìbò kan ṣoṣo ni ó fi ju ẹni tí ó tẹ̀ lé e lọ. Kò sí ìbò àtakò rárá. Ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn sí orin kan kò ní ibi tí yóò tẹ̀ láti sọ bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ní Basel, ẹnì kan lè dìbò tó ìgbà 20, bí ó bá ti lè san owó rẹ̀.

Ká ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn ni ó dìbò ní àdúgbò kan. Ogún nínú wọn ní ìdí kan pàtó, ibì kan náà ni gbogbo wọn sì darí ìbò sí. Ọgọ́rin tí ó kù fọ́n ká sórí orin bíi mẹ́rìnlélógún, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì rí ìbò mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Àwọn ogún ni yóò borí, máàkì 12 yóò sì di tiwọn. Bí ogún yìí bá wá dìbò ní ìgbà ogún-ogún, tí àwọn yòókù dìbò lẹ́ẹ̀kan péré, ìbò 400 ni yóò dojú kọ 80. Ìlànà gbà bẹ́ẹ̀. A kò nílò ojóoró kí ó tó ṣẹlẹ̀. Síbẹ̀, ta ni yóò ti inú èyí sọ pé àdúgbò náà ti sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀? Ẹ rántí pẹ̀lú pé àwọn kan tí ọkàn wọn gbọgbẹ́ nítorí Gásà kọ̀ láti wo ìdíje náà. Kíkọ̀ wọn ní iyì, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ń ka ìbò kò rí i. Àwọn tí wọ́n tẹ fóònù nìkan ni ó kà.

Àwọn onílẹ̀ pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ irú ìdájọ́ yìí. Ní alẹ́ ọjọ́ kan náà ní Basel, òdo ni àwọn òǹwòran gbogbo orílẹ̀-èdè yòókù fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Malmö ní ọdún 2024. Àwọn kan nínú wọn a máa sọ pé Yúróòpù kórìíra àwọn ni, pé nítorí tí àwọn jáde kúrò nínú àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù ni. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2021, òdo pátápátá ni ilẹ̀ yìí gbà, lọ́wọ́ adájọ́ àti lọ́wọ́ òǹwòran. Nígbà tí ó di ọdún 2022, Sam Ryder kọrin fún un ní Turin, ó sì ṣe ipò kejì pẹ̀lú máàkì 466. Ṣé ìkórìíra náà tán láàrin oṣù méjìlá ni? Òdo kò túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni kò dìbò fún orin wọn. Orin tí ó bá ṣe ipò kọkànlá ní gbogbo orílẹ̀-èdè, òdo ni yóò gbà. Bí òdo kò ti tó láti jẹ́rìí ìkórìíra, bẹ́ẹ̀ ni 12 kò tó láti jẹ́rìí ìfẹ́.

Ohun kejì tí ó yẹ kí a kíyè sí ni pé àwọn ènìyàn máa ń yin òṣùwọ̀n nígbà tí ó bá gbè wọ́n. Ní Liverpool ní ọdún 2023, Käärijä ti ilẹ̀ Finland gba máàkì 376 lọ́wọ́ àwọn òǹwòran, Loreen ti ilẹ̀ Sweden gba 243, ṣùgbọ́n máàkì àwọn adájọ́ gbé Loreen borí. Ọ̀pọ̀ òǹwòran pariwo pé wọ́n rẹ́ àwọn jẹ. Ní ọdún 2024, Baby Lasagna ti ilẹ̀ Croatia ni àwọn òǹwòran fi ṣe ọ̀gá, Nemo ti ilẹ̀ Switzerland ni ó gba ife ẹ̀yẹ, ariwo náà sì tún sọ. Ní ọdún 2025, àwọn adájọ́ kan náà ni wọn kò jẹ́ kí Ísírẹ́lì borí, wọ́n sì di olódodo lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ tún wo ọdún 2016, nígbà tí Jamala, ọmọ ẹ̀yà Tàtárì ilẹ̀ Crimea, fi orin kan nípa bí Stalin ṣe lé ẹ̀yà rẹ̀ kúrò nílé ní ọdún 1944 borí fún Ukraine. Australia ni àwọn adájọ́ fi sí ipò kìn-ín-ní, Rọ́ṣíà ni àwọn òǹwòran fi sí i. Àpapọ̀ méjèèjì ni ó gbé Jamala lékè. Mùsùlùmí tí inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà, ǹjẹ́ ó bèèrè bóyá òṣùwọ̀n gún? Kódà níbi ìdíje kíké Alùkùránì àwọn ọmọ wa, òbí tí ọmọ rẹ̀ borí a ní àwọn adájọ́ mọ iṣẹ́. Èyí tí ọmọ tirẹ̀ kò borí a ní ojú ni wọ́n fi ń pín in.

Ọlọ́hun sọ Súrà kan kalẹ̀ fún àwọn tí wọ́n ń gba òṣùwọ̀n kíkún lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tí wọ́n sì ń dín in kù nígbà tí ó bá kan àwọn láti wọ̀n fúnni. Ọjà nìkan kọ́ ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà fún. Nínú Súrátùl-Hujurāt, Ó kọ́ wa láti wádìí ìròyìn kí a má baà fi àìmọ̀ ṣe àwọn ènìyàn ní ibi, Ó sì kìlọ̀ fún wa nípa àbá dídá sí ọmọnìkejì. A kò sì gbàgbé ọ̀rọ̀ Usāma ọmọ Zayd, ẹni tí ó pa ọkùnrin kan lójú ogun lẹ́yìn tí ọkùnrin náà ti jẹ́rìí sí Ọlọ́hun, tí ó ní ẹ̀rù idà ni ó mú un sọ ọ́. Ànábì bá a wí gidigidi, ó bi í léèrè bóyá ó la àyà ọkùnrin náà ni ó fi mọ ohun tí ó wà níbẹ̀. Bí Usāma kò bá lè mọ ọkàn ẹni tí ó dúró níwájú rẹ̀, báwo ni àwa yóò ṣe ti ojú tẹlifíṣọ̀n mọ ọkàn àádọ́rin mílíọ̀nù ènìyàn?

Ẹnìkan lè sọ pé ṣe ni a ń bo àìṣòdodo mọ́lẹ̀. Rárá o. Ohun tí a mọ̀ dájú tó láti sọ, a kò nílò láti fi àbá kún un. Rọ́ṣíà wọ Ukraine ní ọjọ́ 24, oṣù Kejì, ọdún 2022. Ní ọjọ́ kejì ni àjọ EBU, tí í ṣe ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n Yúróòpù, yọ ọ́ kúrò nínú ìdíje náà. Ẹni tí ó bá bèèrè ìdí tí òfin ọjọ́ náà kò fi kan Ísírẹ́lì ń bèèrè ohun tí ó tọ́. Lẹ́yìn Basel, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Sípéènì àti ti àwọn mìíràn ní kí wọ́n yẹ ìbò òǹwòran wò. EBU ní èsì náà pé, ṣùgbọ́n ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025 òun fúnra rẹ̀ dín ìbò ẹnì kọ̀ọ̀kan kù láti 20 sí 10, ó sì gbé òfin dìde sí ìpolówó àpọ̀jù tí ìjọba bá wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi Ísírẹ́lì sílẹ̀ nínú ìdíje ọdún 2026 ní Vienna, Sípéènì, Ireland, Netherlands, Slovenia àti Iceland kéde pé àwọn kò ní kópa. Nemo tí ó borí ní Malmö dá ife ẹ̀yẹ rẹ̀ padà. Ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn tí wọ́n ṣe èyí kì í ṣe Mùsùlùmí, ará Yúróòpù ni wọ́n. Ẹni tí ó bá ní gbogbo Yúróòpù ti kẹ̀yìn sí wa ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu àwọn wọ̀nyí kúrò nínú ìwé.

Àwa pàápàá mọ bí ó ti rí kí wọ́n fi àbá dá ẹjọ́ ẹni. Ní ìparí oṣù Keje ọdún 2024, lẹ́yìn tí wọ́n pa àwọn ọmọdébìnrin mẹ́ta ní Southport, irọ́ tàn kálẹ̀ lórí ayélujára pé Mùsùlùmí ni ó ṣe é. Àwọn jàǹdùkú ya lu mọ́sálásí ìlú náà, wọ́n ń sọ bíríkì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ará ìlú kan náà jáde, wọ́n gbá ojú títì, wọ́n sì tún ògiri mọ́sálásí náà mọ. Ọmọ ilẹ̀ yìí ni ẹni tí ó sọ bíríkì, ọmọ ilẹ̀ yìí ni ẹni tí ó ṣà á padà sórí ògiri. Èwo nínú àwọn méjèèjì ni máàkì 12 ń sọ̀rọ̀ rẹ̀?

Ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn alátakò péjọ síwájú mọ́sálásí tí Abdullah Quilliam dá sílẹ̀ ní Liverpool. Quilliam yìí ni Gẹ̀ẹ́sì tí ó gba Ìsìláàmù, tí ó wá sí Èkó ní ọdún 1894 láti ṣojú Súlútáánì ilẹ̀ Tọ́kì nígbà tí wọ́n ń ṣí mọ́sálásí Shitta-Bey. Ìmáàmù ibẹ̀ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gbé oúnjẹ jáde, wọ́n sọdá lọ bá àwọn alátakò náà, wọ́n bá wọn sọ̀rọ̀, àwọn kan nínú wọn sì gbá ara wọn mọ́ra. Àwọn wọ̀nyí kò dúró sẹ́yìn fèrèsé kí wọ́n máa ro ohun tí ó wà lọ́kàn ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin òbí, nígbà tí èsì ìdíje mìíràn bá jáde, ohunkóhun tí ó wù kí ó jẹ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́ òtítọ́ lẹ́nu yín nípa Gásà láìfi igun kankan pamọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé ọ̀rẹ́ wọn ní kíláàsì ti di ọ̀tá nítorí iye máàkì kan. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ èrò aládùúgbò yín, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò jìnnà. Ẹ kàn án, kí ẹ bi í.

Kí Ọlọ́hun dá àlàáfíà padà sí ilẹ̀ Palẹsítínì, kí Ó gba àwọn tí wọ́n ń ni lára sílẹ̀, kí Ó má sì jẹ́ kí ìbínú wa, bí ó ti wù kí ó tọ́ tó, sọ wá di aláìṣòdodo. Àmín.